Rọ́bà, Ọ̀nà àti Ilé: Ohun tí Ó Ń Díwọ̀n Ìrìn Ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà

Bí a bá bi ènìyàn léèrè ohun tí ó ń sọ bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ yóò ti rìn tó láàárín ọdún kan, iye owó epo ni ọ̀pọ̀ yóò dárúkọ. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìtàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà wò.

Ní ọdún 1941, gbogbo ọkọ̀ tí ń bẹ níbẹ̀ rin nǹkan bí 334 bílíọ̀nù máìlì. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni ogun Japan dé bá wọn. Kò pẹ́ tí Japan fi gba Màláyà àti àwọn erékùṣù Indonesia, níbi tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rọ́bà ayé ti ń wá. Ọ̀wọ́n náà kàn wá níhìn-ín: ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rọ àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà láti túbọ̀ máa gba oje igi rọ́bà. Ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1942, ìjọba díwọ̀n títa táyà, ó sì dá ṣíṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fún ará ìlú dúró.

Epo ńkọ́? Yàtọ̀ sí etí òkun ìlà-oòrùn, níbi tí ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ti Jámánì ti ń ri ọkọ̀ agbépo, epo kò wọ́n wọn. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 1942, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í díwọ̀n epo jákèjádò ilẹ̀ náà, kí táyà má baà tètè jẹ. Gálọ́ọ̀nù 4 péré lọ́sẹ̀ ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kan ogun ń gbà, kò sì gbọdọ̀ sáré ju máìlì 35 lọ ní wákàtí kan. Ní 1943, ìrìn ọkọ̀ wálẹ̀ sí 208 bílíọ̀nù máìlì. Ìdínkù náà lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Iṣẹ́ kò dúró: àwọn ènìyàn ń jọ wọ ọkọ̀ kan, wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin.

Òfin epo parí ní oṣù Kẹjọ 1945. Ní 1946, wọ́n rin 341 bílíọ̀nù máìlì, ó ju ti 1941 lọ. Ẹ̀ka ni ogun gé, kò kan gbòǹgbò. Lẹ́yìn náà, ìjọba fúnra rẹ̀ bomi rin gbòǹgbò náà. Ó ṣe onígbọ̀wọ́ owó ilé fún àwọn tí ó ti ojú ogun dé, ilé sì ń hù lẹ́yìn ìlú, níbi tí bọ́ọ̀sì kì í sábà dé. Ní 1956, Ààrẹ Eisenhower fọwọ́ sí òfin láti la ọ̀nà ńláńlá tí gígùn wọn jẹ́ 41,000 máìlì. Ní ìlú púpọ̀, àárín àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ni ọ̀nà wọ̀nyí gbà kọjá, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn ra ilé ní ẹ̀yìn ìlú tí a la ọ̀nà dé.

Nígbà tí àwọn ilẹ̀ Árábù kò ta epo fún Amẹ́ríkà mọ́ ní 1973, tí epo sì wọ́n gógó, ìrìn ọkọ̀ ọdún 1974 dín, ṣùgbọ́n ìdínkù náà kò tó máìlì 3 nínú 100. Ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà sí ibi iṣẹ́, tí kò sí bọ́ọ̀sì lọ́nà, bí epo wọ́n, yóò rà á. Bí kò wọ́n, yóò rà á.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọkọ̀ yóò ti rìn tó lọ́dún, kí ó má wo owó epo nìkan. Kí ó wo ibi tí a kọ́ ilé sí, ibi tí iṣẹ́ wà, àti ohun tí ó so méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìlú tiwa náà ń fẹ̀.