Àpótí Tí Ó Di Ìlù

Bí a kò bá rí àdán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òwe yìí ni ó máa ń wá sí ẹnu ènìyàn bí ó bá kọ́kọ́ rí ìlù tí àwọn ará Pẹ́rù ń pè ní cajón, tí àwa yóò máa pè ní kahọ́n nínú àròkọ yìí. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Sípéènì kò ju àpótí ńlá lọ. Kò ní awọ, kò ní ọ̀ṣán, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe igi tí a gbẹ́ ikùn rẹ̀. Pákó mẹ́fà ni a kàn pọ̀, tí a dá ihò róbótó sí ẹ̀yìn rẹ̀. Onílù yóò jókòó lé e lórí, yóò na ọwọ́ sísàlẹ̀ láàárín itan rẹ̀, yóò sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ lu iwájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i yóò ní àìrí ìlù gidi ni ó mú kí àwọn ẹrú máa lu àpótí. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò tó. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìlù àwọn ènìyàn dúdú ní òkè òkun, kí á má ṣe béèrè ohun tí wọ́n pàdánù nìkan. Kí á tún wo bí wọ́n ti ń yan àpótí yìí, àti bí wọ́n ti ń tún ohùn rẹ̀ ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn náà wà.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti Lima, olú-ìlú Pẹ́rù. Ní ọdún 1791, ìwé ìròyìn kan tí ń jẹ́ Mercurio Peruano kọ nípa ẹgbẹ́ àwọn ẹrú tí a kó wá láti Áfíríkà. Ó to orúkọ ẹ̀yà mẹ́wàá lẹ́sẹẹsẹ. Kóńgò wà níbẹ̀, Màńdíńgò wà níbẹ̀. Orúkọ kan sì tún wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí wa, èyí nì Lucumé. Lùkùmí ni àwọn ará Sípéènì ń pe àwọn ènìyàn wa àti díẹ̀ nínú àwọn aládùúgbò wa ní ayé ìgbà náà. Ẹni tí ó kọ ìwé náà kò fẹ́ràn orin wọn rárá, ṣùgbọ́n ó ṣe wá lóore kan: ó sọ bí ìlù wọn ti rí. Ó ní ìkòkò amọ̀ tàbí igi oníhò ni wọ́n fi ń ṣe é, àti pé ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń lù ú, wọn kì í lo ọ̀pá. Àpótí kò sí nínú ohun tí ó kà sílẹ̀. Inú ọ̀rúndún tí ó tẹ̀ lé e ni àpótí tó gba ipò ìlù ní etí òkun Pẹ́rù, ọ̀rúndún kan náà tí ìjọba Ramón Castilla fi òpin sí òwò àti ìní ẹrú níbẹ̀, ní ọdún 1854.

Kí ni ó fà á? Ohun méjì ni àwọn òpìtàn máa ń tọ́ka sí. Èkíní ni pé àwọn aláṣẹ kì í fẹ́ gbọ́ ìlù lọ́wọ́ ẹrú. Ojú tí wọ́n fi ń wò ó ni pé ìlù ni wọ́n fi ń bọ òrìṣà, ìlù náà ni wọ́n sì fi ń pe ara wọn jọ fún ọ̀tẹ̀. Ní ilẹ̀ South Carolina tí ó wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí àwọn ẹrú dìde ní ọdún 1739, òfin ọdún 1740 ka ìlù mọ́ ohun tí ẹrú kò gbọdọ̀ lù. Èkejì ni pé àpótí pọ̀ nílẹ̀. Èbúté kún fún un, ọjà kún fún un. A lè gba ìlù lọ́wọ́ ènìyàn kí á sì dáná sun ún. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mú ènìyàn nítorí pé ó jókòó lé àpótí?

Ní erékùṣù Kúbà, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, ogun kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá sínú ọkọ̀ ẹrú, Kúbà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn dé. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó parí níbẹ̀. Àwọn Lùkùmí wọ̀nyí kò fi ìlù wọn sílẹ̀. Wọ́n gbẹ́ bàtá. Wọ́n ń pe èyí tí ó tóbi jù ní iyá, wọ́n sì ń pe ohun dúdú tí a ń lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ ní idá, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń pè é ní ìdà títí di òní. Ṣùgbọ́n ìlù òrìṣà ni bàtá yìí, ó ní òfin tirẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ni ó lè kàn án. Bí àwọn alábàárù èbúté Havana àti ti Matanzas bá ṣíwọ́ iṣẹ́ tí wọ́n sì fẹ́ ṣe fàájì, àpótí ni wọ́n ń fà mọ́ra. Oríṣi méjì ni ó lókìkí láàárín wọn: àpótí tí a fi ń kó ẹja oníyọ̀ wá láti ilẹ̀ òtútù, àti àpótí àbẹ́là. Ti ẹja ni ohùn ìsàlẹ̀, ti àbẹ́là ni ohùn òkè. Nínú irú fàájì bẹ́ẹ̀ ni yambú ti jáde, èyí tí í ṣe àgbà nínú orin rumba.

Ẹ wá wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Wọn kì í kàn gbé àpótí láti orí àkìtàn kí wọ́n máa lù ú. Wọn a tú u palẹ̀, wọn a fá pákó rẹ̀ títí yóò fi fúyẹ́ tó bí wọ́n ti ń fẹ́, wọn a sì tò ó pọ̀ padà kí ojúkò rẹ̀ lè dì dáadáa. Ẹni tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ti ní ohùn kan ní etí kí ó tó fọwọ́ kan igi. Bí ohùn ọ̀kan bá ti jáde báyìí, kò sí ọ̀ṣán tí a ó fà, kò sì sí awọ tí a ó yá sí oòrùn. Títóbi àpótí ni ó ń pààlà ohùn: ńlá kan, èyí tí ó tẹ̀ lé e, àti kékeré kan tí wọ́n ń pè ní quinto. Ẹni tí ó fẹ́ yan àpótí ní Kúbà kò lè yan ẹyọ kan ṣoṣo. Mẹ́ta ni yóò lù pọ̀ kí ó tó mọ̀ bóyá wọ́n bá ara wọn mu.

Ibí yìí ni ó yẹ kí á ti ṣọ́ra, kí á má fi ìgbéraga ba ìtàn jẹ́. Bí a bá ti rí ìlù mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn ènìyàn dúdú Kúbà, ó máa ń yá wa lára láti sọ pé tiwa ni. Ṣùgbọ́n nínú bàtá wa, ìyáàlù ni í sọ̀rọ̀, àwọn kékeré a sì máa gbè é. Nínú rumba, quinto kékeré ni í sọ̀rọ̀, àwọn ńlá ni í gbè é. Àwọn ọmọ Kóńgò ní ìpín tí ó pọ̀ nínú àṣà náà, àwọn ẹ̀yà mìíràn ní tiwọn, orin àwọn ará Sípéènì pàápàá wà níbẹ̀. Fernando Ortiz, ọ̀mọ̀wé Kúbà, kọ ìdìpọ̀ ìwé márùn-ún lórí ohun-èlò orin àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ rẹ̀ láàárín ọdún 1952 àti 1955, ó sì ka àpótí mọ́ wọn. Ẹni tí ó bá ronú lórí iṣẹ́ rẹ̀ yóò rí i pé ìlù kan lè ní baba púpọ̀.

Pẹ́rù kò lu àpótí mẹ́ta bí Kúbà. Àpótí kan ṣoṣo ni ó máa ń bá gìtá rìn nínú orin wọn, nítorí náà àpótí kan náà gbọ́dọ̀ ní ohùn méjì. Ohun tí ó sọ kahọ́n di iṣẹ́ ọwọ́ àwọn káfíńtà tí ó mòye nìyí. Gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, ìbú rẹ̀ sì tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn kí ó lè gbé ènìyàn, ṣùgbọ́n pákó iwájú fẹ́lẹ́, kì í sábà ju mìlímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ihò ẹ̀yìn ni ohùn ìsàlẹ̀ ń gbà jáde.

Bí a bá fẹ́ yan irú rẹ̀, kí á kọ́kọ́ jókòó lé e. Bí orúnkún bá ga ju ìbàdí lọ, àpótí náà kúrú fún ni, ẹ̀yìn yóò sì máa dun onílù kí agbo tó tú. Lẹ́yìn èyí, kí á fi àtẹ́lẹwọ́ lu àárín pákó iwájú. Ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jinlẹ̀, kí ó sì tètè dákẹ́. Kí á tún fi orí ìka lu etí rẹ̀ lókè. Ohùn ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ kí ó sì mú. Bí méjèèjì bá jọra, kí á fi í sílẹ̀, ìbáà ṣe pé ọ̀dà rẹ̀ ń dán gbinrin. Kí á sì fetí sí ojúkò rẹ̀, nítorí àpótí tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti ṣí a máa dún bí ìkòkò tí ó sán.

Títún ohùn rẹ̀ ṣe kò nira. Súkúrù ni a fi de pákó iwájú mọ́ra. Àwọn ti ìsàlẹ̀ àti ti ẹ̀gbẹ́ gbọ́dọ̀ le dáadáa; ṣùgbọ́n ti igun méjèèjì òkè ni a ń dẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí etí pákó lè máa gbá igi ara àpótí bí ọwọ́ bá kàn án. Ìdámẹ́rin àyíká kan ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀, kí á sì ṣe é bákan náà ní ọ̀tún àti ní òsì. Bí a bá dẹ̀ ẹ́ jù, yóò máa gbọ̀n pẹkẹpẹkẹ. Ohun tí onídùndún ń fi ọ̀ṣán ṣe nílé ni àwọn ará ibẹ̀ ń fi súkúrù ṣe.

Ní ọdún 1977, Paco de Lucía, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká onígìtá Sípéènì, wà ní Lima, ó sì gbọ́ kahọ́n lọ́wọ́ Caitro Soto, ọmọ Pẹ́rù. Ó mú un lọ sí ilẹ̀ rẹ̀, Rubem Dantas tí í ṣe ọmọ Bràsíìlì sì ń lù ú nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí orin flamenco fi gbà á mọ́ra. Àwọn ará Sípéènì wá fẹ́ kí ohùn òkè rẹ̀ máa ta ṣàṣà, wọ́n sì na okùn gìtá mọ́ ẹ̀yìn pákó iwájú nínú àpótí. Okùn yìí náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí ó bá dẹ̀, yóò máa kùn lẹ́yìn gbogbo ìlù; bí ó bá le jù, yóò fún pákó lọ́rùn, ohùn kò ní jáde mọ́. Àwọn àgbà ní ìlù tí ó bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Kahọ́n kò ní awọ tí yóò ya, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ òwe náà kàn án.

Kahọ́n olókùn yìí tàn ká ayé débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Sípéènì ni ó ni ín. Ìyẹn dun àwọn ará Pẹ́rù. Ní ọdún 2001, ìjọba wọn kéde kahọ́n gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2014, Àjọ Àwọn Orílẹ̀-èdè Ilẹ̀ Amẹ́ríkà jẹ́rìí sí i pé ohun-èlò orin Pẹ́rù ni. Nǹkan bí ọdún 40 péré ni ó wà láàárín ìgbà tí ìlù náà kọjá òkun àti ìgbà tí àwọn tí ó ni ín ní láti wá ẹlẹ́rìí. Kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ fi èyí sọ́kàn. Irú igi tí ó yẹ fún ìlù, bí a ti ń gbẹ́ ẹ, àti ìgbà tí awọ tó tó gé, ọwọ́ àti ẹnu àwọn Àyàn ni ó pọ̀ sí jù. Kí á lọ béèrè, kí á sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n wà láàyè.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ra kahọ́n lónìí, bí ó bá jẹ́ olókùn, kí ó ní kí a kọ́kọ́ dẹ okùn náà kúrò lára pákó. Kí ó lù ú bẹ́ẹ̀. Ohùn tí ó bá gbọ́ nígbà náà ni ti Lima. Bí ìyẹn kò bá dára, kò sí okùn tí ó lè tún un ṣe.