Gìtá Tí A Dẹ Okùn Rẹ̀

Bí ènìyàn bá kọ́kọ́ gbọ́ gìtá àwọn ará Hawaii, yóò rò pé ẹni méjì ló ń ta á. Àtàǹpàkò ń ta àwọn okùn tó nípọn láìsinmi, àwọn ìka yòókù sì ń fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kọ orin. Kī hōʻalu ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn, ìyẹn ni pé kí a dẹ okùn. Mo fẹ́ sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, àti bí àṣírí tí wọ́n fi dáàbò bò ó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Màlúù ló fà á. Ní ọdún 1793, George Vancouver, ọ̀gákọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kó màlúù wá fún Ọba Kamehameha Kìíní. Ọba kéde pé èèwọ̀ ni láti pa wọ́n, wọ́n sì pọ̀ débi pé wọ́n ń jẹ oko olóko. Ní nǹkan bí ọdún 1832, Ọba Kamehameha Kẹta ránṣẹ́ pe àwọn darandaran láti California, tó wà lábẹ́ Mẹ́síkò nígbà náà, kí wọ́n wá kọ́ àwọn ará ìlú bí a ti ń fi ẹṣin da màlúù. Àwọn àlejò náà mú gìtá dání.

Àwọn ará Hawaii gba gìtá, ṣùgbọ́n wọ́n dẹ okùn rẹ̀ títí ó fi bá orin tiwọn mu. Ọ̀nà kan tó gbajúmọ̀ ni wọ́n fi orúkọ oko kókò pè: wọn a dẹ okùn kìíní, ìkarùn-ún àti ìkẹfà, tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò dọ́gba dáadáa láìtẹ ọ̀kankan.

Ogún ìdílé ni ìmọ̀ yìí. Ọmọ a jókòó ti àgbà, a máa wò, a máa gbọ́. Wọ́n ní olórin mìíràn a yí okùn padà kó tó gbé gìtá sílẹ̀, kí ẹlòmíràn má bàa jí ọgbọ́n rẹ̀ wò. Èmi kò dá wọn lẹ́bi. Ní ọdún 1893, a gba ìjọba lọ́wọ́ Ọbabìnrin Liliʻuokalani. Ní 1896, òfin sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì di èdè ìkọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ èdè wọn, inú ilé ni orin rí sá sí. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá kú láìkọ́ ẹnikẹ́ni, ìmọ̀ náà bá a wọ sàréè nìyẹn.

Àwọn kan kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1946, Gabby Pahinui gbohùn orin Hiʻilawe sínú àwo, àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilé sì gbọ́ ọ. Ní ọdún 1973, Keola Beamer, ọmọ ìdílé olórin, tẹ ìwé tó ń kọ́ni ní ọ̀nà náà jáde. Ní ọdún 2005, nígbà tí a kọ́kọ́ fi ẹ̀bùn Grammy dá orin Hawaii lọ́lá, àwo kī hōʻalu ló gbà á.

Àwọn baba wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, ẹ kọ́ wa ní èyí tí ẹ mọ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà pẹ̀lú wa. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a lọ jókòó tì wọ́n, kí a sì béèrè.