Burkina Faso: Báwo ni ọmọdé tí wọ́n ká oògùn olóró mọ́ lọ́wọ́ ṣe ní ẹ̀tọ́ sí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn?

Ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, òfin kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ọmọdé tí ọlọ́pàá ká igbó tàbí tramadol mọ́ lọ́wọ́ bíi ti àgbàlagbà. Bí ìdájọ́ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ẹ̀tọ́ yìí kò délẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Oṣù Kẹjọ ọdún 1960 ni orílẹ̀-èdè náà, tó ń jẹ́ Haute-Volta nígbà náà, gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 1961, ó ti ṣe òfin lórí ọmọ tó rú òfin àti ọmọ tó wà nínú ewu.

Lọ́dún 1990, Burkina Faso fọwọ́ sí àdéhùn àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé. Àdéhùn náà ní ẹ̀wọ̀n gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n máa lò kẹ́yìn fún ọmọdé, àti pé ilé ẹjọ́ tó ga jù gbọ́dọ̀ lè tún ìdájọ́ rẹ̀ yẹ̀ wò.

Òfin oògùn olóró dé lọ́dún 1999. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, lọ́dún 2004, ni àtúnṣe òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ fi adájọ́ àti ilé ẹjọ́ àwọn ọmọdé kún ètò ìdájọ́. Òfin ọdún 2014 wá tẹ̀ síwájú láti dáàbò bo ọmọ tó bá ní ẹjọ́ lọ́rùn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 kò lè jẹ̀bi ẹ̀sùn ọ̀daràn.

Kí ni àǹfààní rẹ̀?

Ẹjọ́ kan láti Amẹ́ríkà fi í hàn. Lọ́dún 1980, wọ́n bá igbó nínú báàgì akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ọmọ ọdún 14 kan ní New Jersey. T.L.O. nìkan ni ilé ẹjọ́ fi pè é, kí orúkọ rẹ̀ má baà hàn síta. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ìpínlẹ̀ náà dá a láre lọ́dún 1983, ṣùgbọ́n ti Amẹ́ríkà yí i padà lọ́dún 1985. Ọdún márùn-ún ti kọjá.

Ohun tó ń kọ́ àwọn òbí lóminú nìyẹn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Ouagadougou ní apá tó wà fún àwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n àhámọ́ ni síbẹ̀. Bí ọmọ bá lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn rẹ̀, ó lè jàre, àmọ́ sáà ẹ̀kọ́ tó ti lọ kò ní padà.