Ohùn Tí Ẹ̀rọ Dá Padà

Ìlà méjì péré ni ètò tí a kọ lọ́jọ́ náà:

read oruko
echo "Ẹ káàbọ̀, $oruko"

Ìlà kìíní ń dúró de ohun tí èèyàn bá tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù, ìkejì á sì fi kí i. Ọmọbìnrin kan tí à ń kọ́ níṣẹ́ jókòó láti dán an wò. Ẹ̀bùn ló fẹ́ tẹ̀, àmọ́ àmì òkè ló kọ́kọ́ fi sórí Ẹ. Ó tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́tà náà kúrò lójú kọ̀ǹpútà pátápátá. Ó wá tẹ orúkọ náà bó ṣe yẹ. Ni ẹ̀rọ bá ní: “Ẹ káàbọ̀, ẸẸ̀bùn.” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àfi òun. Ó ní, “Ṣé orúkọ mi ni ò dáa ni?”

Ìbéèrè yẹn ju ẹ̀rín lọ. Ká tó lè dáhùn rẹ̀, a ní láti padà sí Amẹ́ríkà, sí ọdún 1963, nígbà tí ẹ̀rọ Teletype Model 33 jáde. Kò ní ojú bíi ti kọ̀ǹpútà òde òní. Orí pépà ló ń tẹ ọ̀rọ̀ sí, lẹ́tà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́tà ńlá nìkan sì ni. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé ASCII jáde, ìlànà tó ní àyè 128 fún gbogbo àmì. Ẹ, Ọ àti Ṣ ò rí àyè kankan níbẹ̀. Irú ẹ̀rọ yìí ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie lò nígbà tí wọ́n ń ṣe Unix ní Bell Labs. Títí dòní, tty, ìkékúrú orúkọ teletype, ni Linux ṣì ń pe ibi tí à ń tẹ àṣẹ sí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fura sí ni pé bọ́tìnnì tí a tẹ̀ kọ́ ló ń kọ lẹ́tà. Ó ń gba wáyà lọ bá kọ̀ǹpútà ni, kọ̀ǹpútà á dá a padà, ìgbà yẹn ni pépà á tó gbà á. Gbohùngbohùn gan-an ni. Bí ọmọ tí a rán níṣẹ́ tó kọ́kọ́ tún un sọ kó tó lọ, ká lè mọ̀ pé ó gbọ́. Bí a bá wá ń tẹ páswọọ̀dù tí a ò rí nǹkan kan, ẹ̀rọ ń gbọ́ o, wọ́n kàn ní kó dákẹ́ ni. stty -echo ni àṣẹ tó ń pa á lẹ́nu mọ́.

Àmọ́ pépà kì í parẹ́. Nínú Unix àtijọ́, # ló ń pa lẹ́tà tó ṣáájú rẹ̀ rẹ́, @ ń pa gbogbo ìlà. Ẹni tó tẹ ADW#E á rí ADW#E lórí pépà, ADE ló sì wà nínú ẹ̀rọ. Ojú ń sọ tirẹ̀, inú ń sọ tirẹ̀.

Nígbà tí ojú ẹ̀rọ oníná dé, ìparẹ́ di pé kí ẹ̀rọ padà sẹ́yìn níṣìírò àyè kan, kó fi òfo bò ó. Ìṣirò yẹn gún fún Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1992, Thompson yìí kan náà àti Rob Pike ṣe UTF-8, èdè wa sì rí ọ̀nà wọlé. Ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ṣùgbọ́n Ẹ́ tòun ti àmì ohùn ò ní. Àmì méjì tó so mọ́ra ni, báìtì márùn-ún lápapọ̀. Kó tó di 2004, báìtì kọ̀ọ̀kan ni Linux ń yọ. Lẹ́yìn náà wọ́n fi iutf8 kún un, ó wá ń yọ àmì kan lódindi. Ìyẹn náà ló dé bá ọmọ wa: àmì ohùn nìkan ni ẹ̀rọ yọ nínú, àyè lẹ́tà kan ló nù lójú. Ẹ ìgbà àkọ́kọ́ wà níbẹ̀ tí ò sẹ́ni tó rí i.

A ní, “Kò sí nǹkan tó ṣe orúkọ ẹ, jàre.” A fi -e kún read, kí Readline lè máa bójú tó ìparẹ́ náà. Ó tún un tẹ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í, ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀bùn.”