Omi Wà, Rọ́bà Ò Wọlé

Àwa tá à ń kọ sọ́fítíwíà mọ wàhálà kí nǹkan méjì má bára mu. Ti Baltimore ní Amẹ́ríkà le ju tiwa lọ.

Ní ọjọ́ 7, oṣù Kejì, 1904, iná sọ láàárín ìlú náà. Àwọn panápaná sáré wá láti Washington, Philadelphia àti New York. Omi wà o! Àmọ́ ẹnu rọ́bà ọ̀pọ̀ wọn ò wọ ẹnu ẹ̀rọ omi etí títì, torí ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń gé tírẹ́ẹ̀dì tiẹ̀ bó ṣe wù ú. Ilé tó lé ní 1,500 ló jóná.

Ní 1905, ẹgbẹ́ NFPA fọwọ́ sí ìwọ̀n kan ṣoṣo. Òfin lọ́pọ̀ ibi lọ́hùn-ún tún wá sọ pé omi panápaná gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí pákó ìkọ́lé tó dé ẹ̀sítéètì tuntun. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa di 2004, 18 péré nínú ìlú ńlá 48 ló ń lo ìwọ̀n yẹn. Ta ló fẹ́ náwó pààrọ̀ ẹnu páìpù tó ṣì ń pọnmi?