Èèpo Igi ní Ọjà Akẹ̀sán

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó." Igi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín kò gún ẹnikẹ́ni lójú, àwa ni à ń ṣe é ní ibi.

Gbogbo ẹni tí ó mọ Ọ̀yọ́ ni ó mọ ọjà Akẹ̀sán níwájú ààfin. Orúkọ yìí ju ọjà tí à ń ná lónìí lọ ní ọjọ́ orí: ọjà ọba ní Ọ̀yọ́ Ilé ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, kí ìlú náà tó tú, kí Aláàfin Àtìbà tó tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó láàárín ọdún 1830 sí 1840. Ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2020, iná jó ọjà náà. Ìjọba tún un kọ́. Ọjà tí ó jóná ṣeé tún kọ́. Igi ọ̀gànwó tí a bó pa ńkọ́?

Nítorí pé èdè ni mo ń kọ́, ọ̀rọ̀ ni mo kọ́kọ́ fetí sí ní ìsọ̀ àwọn elégbòogi. Ewé, jíjá ni à ń já a. Egbò, wíwa ni à ń wa á. Ṣùgbọ́n èèpo, bíbó ni à ń bó o, bí ẹni ń bó awọ ẹran. Ẹran ti kú kí a tó bó o. Igi wà láàyè. Inú èèpo ni oúnjẹ ń gbà ti ara ewé dé gbòǹgbò. Bí a bá bó ẹ̀gbẹ́ kan, ọgbẹ́ náà lè jinná. Bí a bá bó igi yí ká, ebi yóò pa gbòǹgbò, igi yóò sì kú lóòró.

Mo bi ìyá eléwé-ọmọ kan pé, "Mà á, níbo ni ẹ ti ń rí ọ̀gànwó yìí?" Ó ní, "Ọmọ mi, nígbà kan, ẹ̀yìn oko wa ni. Nísinsìnyí, ẹni tí ń bá mi bó o a máa sùn lọ́nà. Ẹni tí ó rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ṣé yóò fi ìdajì sílẹ̀ kí ẹlòmíràn wá bó o?" Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe ìwà ìkà; igi tí kò ní olówó ni kò ní aláàánú.

Ẹ jẹ́ kí a wo aládùúgbò wa. Ní ọdún 1966, Jacques Debat, ará Faransé, gba ìwé àṣẹ lórí oògùn tí a fi èèpo igi Prunus africana ṣe fún àwọn àgbà ọkùnrin tí ìtọ̀ ń dà láàmú. Àwọn ará Yúróòpù rà á tó bẹ́ẹ̀ tí a fi bó ọ̀pọ̀ igi náà pa lórí àwọn òkè Kamẹrúùnù. Ní 1995, àdéhùn àgbáyé tí à ń pè ní CITES bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ òwò rẹ̀. Ní 2007, Yúróòpù dá ríra rẹ̀ láti Kamẹrúùnù dúró fún ìgbà kan. Ìlànà tí wọ́n là sílẹ̀ níbẹ̀ ni pé kí a pín ara igi sí mẹ́rin, kí a bó apá méjì tí ó kọjú sí ara wọn, kí a sì fi méjì yòókù sílẹ̀.

Ìlànà yìí kò ṣòro fún wa. Ṣùgbọ́n kí a tún gbin igi, nítorí ẹni tí ó gbin kòkó kì í bó o pa. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, a ń sọ pé kí ọfọ̀ àwọn baba wa má parun. Orúkọ ni ọfọ̀ fi ń pe igi. Bí a bá pe ọ̀gànwó lọ́la, ta ni yóò jẹ́ wa?