Ibi Tí Ojú Irin Dúró: Láti Pobè dé Èkó

Nígbà tí a bá ń ka ìtàn ojú irin, ohun tí a sábà máa ń bèèrè ni iye kìlómítà rẹ̀, ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti orúkọ aláṣẹ tó ṣí i. Ìbéèrè mìíràn wà tí àwa ará òkè pẹrẹsẹ Kétu ní ìdí láti bèèrè ju ẹlòmíràn lọ: níbo ni ó dúró sí, kí ló sì dá a dúró níbẹ̀? Ibi tí iṣẹ́ bá dúró sí ni a ti ń mọ ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún.

Ní ọdún 1900 ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu lábẹ́ ìjọba amúnisìn Faransé. Ọ̀nà tó gùn jù lọ gba àárín ilẹ̀ Dàhọ̀mì lọ sí àríwá. Ó dé Sábẹ̀ẹ́ kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀, ó sì dé Parakou ní agbedeméjì àwọn ọdún 1930. Láti Kútọnu dé Parakou jẹ́ 438 kìlómítà. Ọ̀nà kejì ló kan tiwa. Ó gbéra ní Àjàṣẹ́, ó gba Sakété kọjá, ó sì dé Pobè ní ọdún 1913. Nígbà tí wọ́n so Àjàṣẹ́ mọ́ Kútọnu, gbogbo gígùn rẹ̀ di 107 kìlómítà. Pobè ni ó dúró sí títí di òní.

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ láti Àjàṣẹ́ dé Pobè mọ̀ pé ilẹ̀ ọ̀pẹ ni. Epo pupa àti èkùrọ́ ni àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yúróòpù ń wá, ojú irin sì tẹ̀lé ọ̀pẹ dé ibi tí ọ̀pẹ pọ̀ dé. Ní ọdún 1922, ní Pobè kan náà, ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀. Lẹ́yìn Pobè, ilẹ̀ yí padà. Ilẹ̀ rírẹlẹ̀ tí amọ̀ rẹ̀ dúdú ló wà níbẹ̀: bí òjò bá dé, a di ẹrẹ̀ tí í gbé ẹsẹ̀ mì, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a sán kànkàn. Àwọn Ọ̀họ̀rí ló ń gbé e. Láàárín ọdún 1914 sí 1916 ni wọ́n dìde sí ìjọba Faransé, ilẹ̀ ẹrẹ̀ náà sì jẹ́ odi fún wọn.

Ní òdìkejì ilẹ̀ ẹrẹ̀ yìí, ní ibi tó lé ní 40 kìlómítà sí Pobè, ni Kétu wà. Ogun Dàhọ̀mì ti fọ́ ìlú náà ní ọdún 1886. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì ni àwọn ọmọ rẹ̀ tó padà wá tún un kọ́. Ní ojú ẹni tó ń fi iye epo wọn ilẹ̀, Kétu kò ní ohun tó lè mú kí wọ́n na owó ojú irin kọjá ẹrẹ̀. Nítorí náà, ẹrù Kétu ló ní láti la ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí kọjá kó tó kan ọkọ̀ ojú irin. Ojú irin kò wá pàdé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìhà kejì ààlà. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ti ya Kétu sọ́tọ̀ kúrò lára Mẹ̀kọ. Ní ọdún 1896, àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ojú irin tiwọn láti Èkó, ó gba Abẹ́òkúta, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ka kan yà ní Ìfọ̀ lọ sí Ìlaró àti Ìdógò. Bí ènìyàn bá wo àwòrán ilẹ̀, yóò rí i pé ẹ̀ka Ìdógò àti ẹ̀ka Pobè kọjú sí ara wọn bí ọwọ́ méjì tó ń nà sí ara wọn, síbẹ̀ wọn kò pàdé. Àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì lọ́dọ̀ Faransé jẹ́ 1,000 mílímítà. Lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó jẹ́ 1,067. Ìyàtọ̀ mílímítà 67 kò tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí ọkọ̀ ojú irin kankan má lè ti Ìlaró wá sí Pobè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè kan náà ni wọ́n ń sọ ní ìlú méjèèjì. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ojú irin amúnisìn mọ̀: èyí tó lọ sí etí òkun.

Òmìnira kò mú ìbéèrè náà kúrò. Ní ọdún 1959 ni wọ́n dá àjọ OCBN sílẹ̀ láti bójú tó ojú irin fún Dàhọ̀mì àti Niger lápapọ̀. Orúkọ Niger wà nínú orúkọ àjọ náà, ṣùgbọ́n Parakou ni irin dúró sí. Orí ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ń já ẹrù Niger sí láti ibẹ̀. Ní ti ọ̀nà Pobè, ọkọ̀ ojú irin kò lọ síbẹ̀ mọ́.

Èkó náà ní ìtàn ìdúró tirẹ̀. Ní ọdún 1983, Gómìnà Lateef Jakande gbé ètò ọkọ̀ ojú irin ìgboro kalẹ̀, èyí tí wọ́n pè ní Metroline, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè máa dé ibi iṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n lo ààbọ̀ ọjọ́ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ológun gba ìjọba. Ní ọdún 1985, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fagi lé ètò náà, owó tí wọ́n ti san sórí rẹ̀ sì ṣègbé. Kì í ṣe ilẹ̀ ẹrẹ̀ ló dá eléyìí dúró. Ìwé kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba ni.

Ní ọdún 2010 ni iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà tí wọ́n pè ní Blue Line, tí ilé-iṣẹ́ CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà ń kọ́. Ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí ìpín àkọ́kọ́ rẹ̀, láti Mile 2 dé Marina. Buhari kan náà, tó ti wá di ààrẹ tí aráàlú dìbò yàn, ló ṣí i. Ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Kìlómítà 13 ni, pẹ̀lú ibùdókọ̀ márùn-ún, iná mànàmáná ni wọ́n sì ṣe é láti máa lò. Ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n ṣí Red Line, tó jẹ́ kìlómítà 27, láti Agbádò dé Oyíngbò.

Kìlómítà 13 láàárín ọdún 13: kìlómítà kan lọ́dún. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọdún márùn-ún ti Èkó dé Ìbàdàn, èyí tó lé ní kìlómítà 180. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra kí a tó fi wọ́n wéra. Orí ilẹ̀ ni irin àtijọ́ wà, ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bọ́ sójú ọ̀nà kò sì ní ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ní Èkó òde òní, wọ́n ní láti san owó gbà-máà-bínú fún onílé, kí wọ́n kọ́ ọ sí àárín títì tí ọkọ̀ kún, kí wọ́n sì gbé afárá sórí ọ̀sà kó tó dé Marina. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bèèrè pé èé ṣe tí wọn kò gbà á gba abẹ́ ilẹ̀ bíi ti London, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1863, tàbí ti Cairo, tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Áfíríkà ní ọdún 1987. Ilẹ̀ Èkó kò jìnnà sí omi, ihò abẹ́ ilẹ̀ sì máa ń gba owó ju afárá lọ fíìfíì. Ní Dakar pẹ̀lú, orí ilẹ̀ ni ọkọ̀ TER tí wọ́n ṣí ní oṣù kejìlá ọdún 2021 ń gbà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ohun tó yàtọ̀ jù lọ láàárín Pobè àti Èkó ni ohun tí wọ́n ń gbé. Agba epo ni wọ́n tìtorí rẹ̀ la ọ̀nà Pobè. Nígbà tí epo kò bá ti pọ̀ mọ́, iṣẹ́ ti parí. Ènìyàn ni Blue Line ń gbé, ènìyàn kò sì tán ní Mile 2. Ìdí nìyí tí ètò ìpín kejì fi wà, láti Mile 2 dé Okokomaiko, tí yóò sọ gbogbo ọ̀nà náà di kìlómítà 27. Òpópónà Badagry ni Okokomaiko wà, òpópónà tó ń bọ̀ wá sí Sẹ̀mẹ̀, sí Àjàṣẹ́ àti Kútọnu. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa ló ń gbé létí òpópónà yẹn.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún gbé ètò ojú irin wá sí àgbègbè wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí iye kìlómítà nìkan dùn mọ́ wa nínú. Kí a bèèrè ohun tí yóò gbé. Kí a bèèrè bóyá irin rẹ̀ yóò bá ti aládùúgbò mu. Kí a bèèrè ibi tí yóò dúró sí, àti ẹni tó lágbára láti dá a dúró. Ní báyìí, kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tọ àwọn àgbà Pobè àti Sakété lọ, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n rántí nípa ọkọ̀ náà sílẹ̀: iye tí wọ́n ń san, ọjà tí wọ́n ń rù wá pàdé rẹ̀, ọdún tí wọ́n gbọ́ fèrè rẹ̀ kẹ́yìn. Ìwé ìjọba sọ ọdún tí irin dé fún wa. Àwọn àgbà ló lè sọ ohun tó gbé lọ.